Ṣé òrìṣà ni àpótí májẹ̀mú Ísírẹ́lì?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: bí Òfin Mẹ́wàá ti ka ère gbígbẹ́ léèwọ̀, kí ló dé tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ní àpótí oníwúrà tí kérúbù méjì wà lórí rẹ̀, tí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án sì kú? Ṣé òrìṣà kọ́ nìyẹn?

Kì í ṣe òrìṣà. Arón ni wọ́n ń pè é lédè Hébérù, kò sì ju àpótí lásán lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ìwé Jẹ́nẹ́sísì lò fún pósí tí wọ́n tẹ́ òkú Jósẹ́fù sí ní Íjíbítì. (Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe àpótí yìí àti ọkọ̀ Nóà, ṣùgbọ́n Hébérù yà wọ́n sọ́tọ̀, Bíbélì Yorùbá náà sì ṣe bẹ́ẹ̀.) Igi ṣítímù ni wọ́n fi kàn án, wọ́n fi wúrà bò ó nínú àti lóde, gígùn rẹ̀ jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 2½, ìbú àti gíga rẹ̀ sì jẹ́ 1½.

Wàláà òkúta méjì tí a kọ òfin sí ni ó wà nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, bí àwọn ọba bá dá májẹ̀mú, wọn a máa gbé ìwé rẹ̀ síwájú òrìṣà tí ó ṣe ẹlẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Hítì ti ṣe nígbà tí wọ́n bá ọba Mítánì, ìjọba kan ní àríwá Síríà, mulẹ̀. Wàláà méjèèjì ni ẹ̀rí májẹ̀mú Ísírẹ́lì pẹ̀lú Ọlọ́run, ìdí nìyẹn tí a tún fi ń pe àpótí náà ní àpótí ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti òkè rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni kókó wà. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí Ísírẹ́lì ká, ẹ̀dá abìyẹ́ ni wọ́n máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́, ọba tàbí òrìṣà a sì jókòó láàárín wọn. Kérúbù méjèèjì wà lórí àpótí yìí lóòótọ́, wọ́n na ìyẹ́ bò ó, ṣùgbọ́n kò sí ère kankan láàárín wọn: inú àlàfo yẹn ni Ọlọ́run ti ń bá Mósè sọ̀rọ̀. Dáfídì pe àpótí náà ní àpótí ìtìsẹ̀ Ọlọ́run nínú 1 Kíróníkà 28:2, àwa tí a ń jókòó sórí àpótí nídìí ààrò sì mọ̀ pé ohun ìjókòó kì í ṣe ẹni tí ó jókòó. Ìdérí oníwúrà tí Bíbélì wa pè ní ìtẹ́ àánú, kappóret lédè Hébérù, bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ètùtù tan. Orí rẹ̀ ni olórí àlùfáà ti ń wọ́n ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, lọ́jọ́ ètùtù, nínú èéfín tùràrí.

Ti ẹni tí ó kú, Ússà ni. Ọ̀pá méjì wà lára àpótí náà tí a kò gbọdọ̀ yọ láé, kí àwọn ọmọ Kóhátì, ìdílé kan nínú ẹ̀yà Léfì, lè máa fi èjìká rù ú láìfọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n gbé e sí lọ́jọ́ tí Dáfídì ń gbé e lọ sí Jerúsálẹ́mù, gẹ́gẹ́ bí àwọn Fílístínì ti ṣe ṣáájú wọn. Màlúù kọsẹ̀, Ússà sì nawọ́ dì í mú.

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fúnra wọn gbàgbé ìyàtọ̀ yìí nígbà mìíràn. Ní Ébénésérì, wọ́n gbé àpótí náà lọ sójú ogun bí ẹni gbé oògùn ìṣẹ́gun. 30,000 ọmọ ogun ṣubú, ọ̀tá sì gbé àpótí lọ. Bákan náà, ejò idẹ tí Mósè rọ ní aginjù di ohun tí wọ́n ń sun tùràrí sí, títí ọba Hesekáyà fi fọ́ ọ túútúú tí ó sì pè é ní Nehúṣítánì, èyíinì ni pé idẹ lásán ni. Lójú tèmi, ìṣe Hesekáyà yìí ni ìdáhùn tí ó ṣe kedere jù lọ sí ìbéèrè yìí.

Bábílónì sun tẹ́ńpìlì ní nǹkan bí ọdún 586 kí a tó bí Jésù, kò sì sí àpótí kankan nínú tẹ́ńpìlì kejì. Síbẹ̀ olórí àlùfáà ṣì ń wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ lọ́dọọdún láti ṣe ètùtù. Nígbà tí Pompey, ọ̀gágun Róòmù, já wọ ibẹ̀ ní ọdún 63 kí a tó bí Jésù, kò bá ère kankan níbẹ̀.