Ẹ Bi Wá: Iṣẹ́ Onímọ̀ Fìlọ́sọ́fì Ìwà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi wọlé sí Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ fìlọ́sọ́fì. Ó ní òun fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú fìlọ́sọ́fì ìwà. Bàbá rẹ̀ ní ṣé a rán an níléèwé kó lè wá máa wàásù fún wa ni? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ọdún mélòó sì ni? (Ìyá kan, Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ọmọ, Mà. Ẹ bá wa sọ fún Bàbá pé wàásù kọ́. Oníwàásù ń sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe. Onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ìwà ń béèrè pé kí ló dé tó fi yẹ, á sì máa wá ibi tí ìdáhùn náà ti lè já. Ẹ mú òwe tí gbogbo wa mọ̀: ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Nínú ìwàásù, "àmín" ló kàn. Ní kíláàsì, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìrora ni òwe yìí fi ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í tètè mọ ìrora ńkọ́, ṣé kó máa gún ẹyẹ kiri ni? Adájọ́ tó fẹ́ rán olè lẹ́wọ̀n ńkọ́? Bó bá fi ara rẹ̀ sípò olè, òun náà ò ní fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n. Ṣé kó wá tú u sílẹ̀? Kant, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Jámánì, ti fi ọ̀rọ̀ adájọ́ yìí ta ko irú òfin bẹ́ẹ̀, pé ohun téèyàn ò bá fẹ́ fún ara rẹ̀, kó má ṣe é sí ẹlòmíràn, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1785. Iṣẹ́ ọmọ yín ni láti sọ bóyá òwe náà ṣì dúró lẹ́yìn ìbéèrè wọ̀nyí, tàbí àtúnṣe wo ló kù sí i.

Ní ti ọdún: mẹ́rin fún dìgírì àkọ́kọ́, ọ̀kan fún àgùnbánirọ̀, ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ fún másítàsì. Oyè ọ̀mọ̀wé kì í dín ní ọdún mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ló sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìyanṣẹ́lódì: ti ọdún 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ, láti February dé October. Ẹni tó bá ti ní oyè ọ̀mọ̀wé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Lecturer II. Lẹ́yìn náà ló kan Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó di Professor. Bí ìgbéga kọ̀ọ̀kan bá gba ọdún mẹ́ta, tí nǹkan kan ò sì dí i lọ́wọ́, ọmọ ọdún 18 tó wọlé lónìí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 40 kó tó débẹ̀. Àìní àtẹ̀jáde tó pọ̀ tó ló sì máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró sójú kan, kì í ṣe iye ọdún.

Ọ̀nà náà kì í ṣe tọkùnrin nìkan. Ìbàdàn níbí ni olóògbé Sophie Olúwọlé ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1984, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ nínú fìlọ́sọ́fì ní Nàìjíríà. Yunifásítì Èkó ló ti kọ́ni. Nínú ìwé rẹ̀ ọdún 2014, ó gbé Ọ̀rúnmìlà àti Socrates, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì Gíríìkì àtijọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

ÌBÉÈRÈ: Jọ́nà méjì, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tẹ iṣẹ́ wọn sí, ti dá àpilẹ̀kọ mi lórí ọmọlúàbí padà. Wọ́n ní "ìròyìn ni, kì í ṣe fìlọ́sọ́fì." Kí ni mo ṣe tí kò dáa? (Akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì, Àgbowó)

ÌDÁHÙN: A ò rí iṣẹ́ yín, àmọ́ a mọ àìsàn náà dáadáa. Ojú ewé mẹ́wàá á lọ lórí pé Yorùbá ka òtítọ́, ìtìjú àti ọ̀wọ̀ sí, a ó to òwe jọ bí ẹni to iṣu sínú àká, a ó wá ní àwọn aṣáájú wa nílò ọmọlúàbí. Kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Ibi tí kò ti sí iyàn, kò sí fìlọ́sọ́fì níbẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí onílàákàyè kan ò bá lè sọ pé "irọ́ ni," ẹ pa á rẹ́. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti takókó: a ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, a sì tún ń bá oníwà burúkú wí. Bó bá jẹ́ pé orí tó yàn lọ́run ló ń tì í, kí la fi ń dá a lẹ́bi? Àpilẹ̀kọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá alátakò tó lágbára jù, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa gbé e, ẹ tó dá a lóhùn. Ẹ ka Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin (1991), ẹni tó yẹ ọ̀rọ̀ orí àti àyànmọ́ wò fínnífínní, àti Barry Hallen (2000) lórí bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ ìwà. Ẹni tó ń kọ̀wé lórí ìwà Yorùbá tí kò mẹ́nu kan àwọn méjèèjì, olùyẹ̀wò tí jọ́nà gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún á tètè mọ̀.

Òwe kan péré ti tó, bí ẹ bá tú u dé gbòǹgbò. Ẹ yọ orúkọ yín kúrò nínú fáìlì kí olùyẹ̀wò má bàa mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Jọ́nà tó bá sì ní kí ẹ sanwó kí òun tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìwà máa ń hùwà ju tiwa lọ? (Oníṣòwò, Mọ́kọ́lá)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Eric Schwitzgebel àti Joshua Rust, àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ní Amẹ́ríkà, wádìí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014, ìwà àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìwà ò sàn ju tàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yòókù lọ. Ṣáájú ìyẹn, Schwitzgebel ti lọ ka iye ìwé tó sọnù ní láíbúrérì. Nínú àwọn ìwé òde òní tó jẹ́ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ló sábà ń yá wọn, ìwé ìmọ̀ ìwà ló sọnù jù: bíi ìdajì lé sí ti àwọn ìwé fìlọ́sọ́fì tí kì í ṣe ti ìwà.