Òwìwí Príncipe kò sí ní Ìpẹru

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohùn òwìwí tuntun tí wọ́n rí ní erékùṣù Príncipe lórí fóònù. Ohùn yẹn gan-an ló ń dún lórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìpẹru lálaalẹ́. Ọkùnrin kan ní òun á bá mi mú un tà fún òyìnbó, kí n kọ́kọ́ mú owó pańpẹ́ wá. Ṣé kí n fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kì í ṣe tiyín o, àwọn tó ń fi ẹyẹ gbowó lọ́wọ́ èèyàn ni.

Kò síbòmíì láyé tí òwìwí yẹn wà àfi Príncipe. Ẹ máa ní, ṣebí ẹyẹ ń fò? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí yín mú. Òkun tó wà láàrin erékùṣù náà àti ilẹ̀ Áfíríkà lé ní 200 kìlómítà, òwìwí kékeré inú igbó kì í sì í dá irú òkun bẹ́ẹ̀ kọjá. Bí kò ṣe ń kọjá ló fi di ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ní Príncipe náà, igbó àtijọ́ apá gúúsù nìkan ló ń gbé, nǹkan bí 15 kìlómítà onígun mẹ́rin péré. Àwọn tó ń gungi mú odídẹrẹ́ níbẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1998, àmọ́ 2016 ni wọ́n tó rí i dájú. Ní 2022 wọ́n sọ ọ́ ní Otus bikegila; Bikegila ni orúkọ ìnagijẹ Ceciliano do Bom Jesus, tí òun náà ti mú odídẹrẹ́ rí kó tó di aṣọ́gbó. Ẹyẹ tó bá ń sùn lórí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ta ni yóò wá a pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Kí ló wá ń dún? N kò débẹ̀, n kò ní búra, àmọ́ àdán ni mo fura sí. Akọ àwọn àdán ajèso kan máa ń dún “pọ́n, pọ́n, pọ́n” láti fi pe abo, bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òwìwí Príncipe náà ń ké léraléra bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló tàn yín. Àdán tí kò ṣeku, tí kò ṣẹyẹ! Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sókè lálẹ́. Láàárọ̀, ẹ wo ìdí igi bóyá ẹ máa rí èso tí wọ́n jẹ kù. Ẹni tó bá ní àjẹ́ ni, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ má fọwọ́ mú àdán o. Tó bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Máńgòrò tó bá ti jẹ, ẹ dà á nù, ẹ má gé ibi tó kù jẹ.