Èsì: Ó kan ìjọba gan-an

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín tí ẹ̀rọ gé níka, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ẹ ní ọ̀gá yín sọ pé ilé-iṣẹ́ òun kò kan ìjọba. Irọ́ ni.

Òfin Nàìjíríà lórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ti ọdún 1987, fún àwọn alábẹ̀wò Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ láṣẹ láti wọlé lọ́sàn-án tàbí lóru, kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, kí wọ́n sì bi òṣìṣẹ́ léèrè ọ̀rọ̀. Eyín irin àti bẹ́líìtì tó ń yí gbọ́dọ̀ ní ìbòrí. Ìbòrí tí ẹ ní wọ́n tú kúrò lára ẹ̀rọ kí iṣẹ́ lè yá yẹn, wọ́n rú òfin nìyẹn. Bí ìjàǹbá bá sì pa èèyàn, tàbí tí kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ 3 lọ, dandan ni kí ọ̀gá fi tó alábẹ̀wò létí.

Owó gbà-má-bínú ńkọ́? Ọ̀dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, nìyẹn wà, lábẹ́ òfin ọdún 2010. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà. Wọn ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù yín. Kí ọ̀rẹ́ yín tètè fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é sẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn alábẹ̀wò ò pọ̀ tó. Ẹ má jókòó máa retí wọn. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀rọ yẹn kí wọ́n tó sáré dá ìbòrí rẹ̀ padà.