Kí ni "run" ń jẹ́ gan-an ní Yorùbá?

Ẹnì kan bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, láti ilé ìwé ni mo ti mọ̀ pé sáré ni 'run'. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní London, ọ̀gá mi ní kí n 'run the letter past' òun kí n tó fi ránṣẹ́, ni mo bá sáré gbé e lọ, ó kàn ń wò mí. Kí ló ní lọ́kàn? 'Runs' tá a máa ń ṣe nílé ńkọ́, ṣé Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn?"

Àbúrò, o ò jẹ̀bi o, bí tíṣà ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ohun tí ọ̀gá ẹ ń sọ ni pé kó o jẹ́ kóun rí lẹ́tà yẹn ná kó tó jáde, kò sí eré kankan níbẹ̀.

"Run" yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú àwọn tó ń ṣe dictionary Oxford, Peter Gilliver ló jókòó tì í, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ló fi wà lórí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn, ìgbà tó fi máa parí ó ti ka ìtumọ̀ 645, ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan sì nìyẹn o. "Set" ló wà níwájú tẹ́lẹ̀, òun ní 430 nínú ẹ̀dà ti 1989. Torí náà ẹni tó bá ní sáré ni "run" ti sọ ọ̀kan, ó ku 644.

Èmi kì í wá ìtumọ̀ "run" lóun nìkan. Mo máa ń wo kí ló ń run, torí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ omi, ó ń ṣàn. Tó bá jẹ́ imú, ikun ló ń dà. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń ṣiṣẹ́. Epo tó "run out" ti tán nìyẹn, tó o bá "run into" ọ̀rẹ́ ẹ lọ́jà ẹ ṣe kòńgẹ́ ara yín ni, ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá "run over" èèyàn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. Ẹni tó ń "run" ṣọ́ọ̀bù ló ń bójú tó o, ó lè wà lórí àga látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá sì ní òun ń "run late", ó ti pẹ́ ni, bóyá inú bọ́ọ̀sì tí ò kúrò lójú kan ló ti ń tẹ̀ ẹ́ sí ọ.

Ti ìbò ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ di ààrẹ, wọ́n ní ó ń "run", ará Ìlú Ọba tó fẹ́ wọlé aṣòfin, wọ́n ní ó "stand", ọ̀kan ń sáré, ọ̀kan dúró, ipò náà ni wọ́n jọ ń wá. Àwa ní tiwa a ní ó jáde, tàbí ó ń dupò. Tún wo "run on the bank". Ní September 2007, ẹ̀rù ba àwọn tó lówó nínú Northern Rock, wọ́n tò síwájú báńkì láti gbowó wọn, ìlà gùn dé títì, kò sẹ́ni tó sáré, síbẹ̀ "run" ni wọ́n pè é.

Èyí tó lè kó èèyàn sí wàhálà ni ti inú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débí, mo mú màmá mi lọ rí dókítà, èmi ni mò ń túmọ̀. Màmá ní "inú ń run mí", èmi ọ̀mọ̀wé, mo gbọ́ "run", mo bá ní "her stomach is running". Ni dókítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti lọ sí tọ́yílẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yẹn. Màmá lanu, wọ́n ní àwọn ò lọ rárá, ó di ọjọ́ mẹ́ta! "Run" tiwa yẹn, ìrora ni, kò bá ti òyìnbó tan, sípẹ́lì nìkan ni wọ́n fi jọra.

Ọ̀rọ̀ tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mò ń kọ́ òyìnbó kan ní Yorùbá, mo ní "ta" ni "sell", lọ́jọ́ kejì ó rí i níbì kan pé àkekèé ta ọmọdé, ó bi mí pé èló ni wọ́n tà á. Mi ò tíì sọ ti ata tó ń ta ni lẹ́nu, tàbí àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi.

"Runs" tó o béèrè, inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá ṣùgbọ́n àwa la tọ́ ọ dàgbà. Ẹni tó ń ṣe runs ń wá nǹkan díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́, ó lè mọ́, ó lè má mọ́, runs ti inú yàrá ìdánwò ò mọ́ rárá, "runs girl" o mọ ìyẹn náà. A ti san án padà fún wọn ṣá, torí "japa" tiwa ti wọ dictionary Oxford kan náà, ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni wọ́n kéde ẹ̀, eré náà ṣáà ni. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, tí ọ̀gá ẹ bá bi ọ́ kí ló dé tó ò lè wá síṣẹ́ ní Saturday, má sọ pé o ní runs o. "The runs" lẹ́nu wọn, ìgbẹ́ gbuuru ni.