Ewé agbáyun mi ń pọ́n

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Igi tó máa dára lójú níwájú ilé, tí àwọn ọmọ á sì máa rí nǹkan ká jẹ lórí ẹ̀, ni mò ń wá. Ìyá ọkọ mi fún mi ní kóró agbáyun, èso tó ń mú kí ohun kíkan dùn lẹ́nu. Mo sá a fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbìn ín, kò sí èyí tó hù. Mo wá ra èyí tó ti hù, mo gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, mo sì ń bu eérú sí i nídìí nítorí kòkòrò. Ewé ẹ̀ ti wá ń pọ́n báyìí. — Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé eérú yẹn jìnnà! Ilẹ̀ tó ní kíkan díẹ̀ nínú ni agbáyun fẹ́, eérú ló sì ń pa kíkan náà. Sìmẹ́ǹtì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Tí ẹ bá gbẹ́ ìdí fẹ́ǹsì yẹn, ẹ máa bá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti kọ̀ǹkéré tí àwọn bíríkìlà bò mọ́lẹ̀. Ojú mi rí i rí: tèmi dúró sójú kan fún ọdún méjì, ewé ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iṣan inú ewé nìkan ló ṣì tutù.

Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ wú u pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní nà án jù. Ẹ ní kí ẹnì kan bá yín kó ewé kòkó tó ti jẹrà bọ̀ látoko. Kò sẹ́ni tí kò mọ olóko kòkó ní Oǹdó níbí. Ẹ kó o sínú ihò tí ẹ máa gbìn ín sí. Ẹ máa bomi rin ín lọ́gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kómi má dúró sí i nídìí.

Ti kóró yẹn, sísá tí ẹ sá a lẹ fi pa á. Agbáyun kì í ṣe àgbàdo. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, ẹ fọ kóró ẹ̀, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ ní sùúrù o: ó lè tó ọdún 3 tàbí 4 kó tó so.

Tó bá so, ẹ jẹ ọ̀kan, kí ẹ fi ẹran ara ẹ̀ ra gbogbo ahọ́n, kí ẹ wá mu ògì kíkan. Bàbá àwọn ọmọ mi kì í fi ṣúgà sógì nígbà tí agbáyun bá wà nílé. Ẹ má sè é, iná ń ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìbejì máa mu ọsàn wẹ́wẹ́ bí ọsàn gidi nítorí pé ó ń dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Ahọ́n nìkan la tàn. Inú mọ̀ pé ó kan.