Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Fẹ́ Sìmẹ́ńtì Lára Ògiri Noto?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe ní Sísílì, ní Ítálì níbí. Kọngílá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kó wa lọ sí ìlú Noto ká lọ tún ògiri ilé àtijọ́ kan ṣe. Ọ̀gá wa ní ká ha gbogbo sìmẹ́ńtì tí àwọn kan ti fi dí àárín òkúta kúrò, ká fi *calce*, ìyẹn ẹfun tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe, dí i padà, a ò sì gbọdọ̀ kun ògiri náà lọ́dà. Nílé lọ́hùn-ún, sìmẹ́ńtì la mọ̀ pé ó le jù. Kí ló dé? Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lójú títì ńlá ibẹ̀ bára mu bíi pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ti jáde. Ta ló kọ́ wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà o. Ìbéèrè méjì lẹ bi mí, ṣùgbọ́n ìdí kan náà ló so wọ́n pọ̀: irú òkúta tí wọ́n fi kọ́ Noto, àti bí wọ́n ṣe la ìlú náà kí ẹnikẹ́ni tó fi ìpìlẹ̀ ilé sọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìlú bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1693, ìmìtìtì ilẹ̀ wó apá gúúsù ìlà-oòrùn Sísílì palẹ̀. Àwọn tó kú tó nǹkan bí 60,000. Noto ti àtijọ́, tó wà lórí Òkè Alveria, di àlàpà. Abẹ́ ọba Sípéènì ni Sísílì wà nígbà náà, wọ́n sì yan Giuseppe Lanza, Duke ti Camastra, láti bójú tó àtúnkọ́ àwọn ìlú tó wó. Carlos de Grunenbergh, ẹnjiníà ológun, wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Wọn ò tún Noto kọ́ sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣí i lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè mìíràn tó súnmọ́ òkun. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ò fara mọ́ ọn, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ náà títí, ṣùgbọ́n ibi tuntun náà ló dúró.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ilẹ̀ ṣófo nígbà tí wọ́n dé bẹ̀. Wọ́n la àwọn ọ̀nà gígùn kan ní títọ́ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì la àwọn mìíràn tó gun òkè lọ láti pàdé wọn. Àwọn ìjòyè àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá gba ìsàlẹ̀, àwọn mẹ̀kúnnù gba òkè. Ojú títì ńlá tí ẹ rí yẹn, Corso Vittorio Emanuele, ní gbàgede mẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà ní gbàgede kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kíyè sí ibi tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà dúró sí. San Francesco, kàtídírà San Nicolò, San Domenico: apá àríwá títì, níbi tí ilẹ̀ ti ń ga sókè, ni gbogbo wọn wà. Nítorí náà gúúsù ni wọ́n kọjú sí, ojú wọn sì ń gba oòrùn. Òkúta ibẹ̀ wá jẹ́ aláwọ̀ oyin. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá bà á, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kàtídírà àti ilé tó dojú kọ ọ́ á sì gba àwọ̀ kan náà pọ̀. Òkúta yẹn ìbá má lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró tí oòrùn kì í dé.

Ẹ ní ta ló kọ́ wọn. Kì í ṣe ẹnì kan. Rosario Gagliardi, Vincenzo Sinatra àti Paolo Labisi ni orúkọ wọn hàn jù, àmọ́ àwọn kọ́ ló la ìlú náà lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 1693. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Kàtídírà gan-an ò parí títí di 1776. Ọwọ́ wọn ò sì jọra rárá. Iwájú San Domenico tí Gagliardi yà yọ síta bí ikùn ìkòkò, ti ṣọ́ọ̀ṣì Montevergini tó wà lókè ọ̀nà Via Nicolaci sì wọnú. Lójú ọ̀nà Nicolaci yẹn kan náà, ẹ gbójú sókè wo abẹ́ bákónì ààfin Nicolaci: kìnnìún, ẹṣin, ọmọ ọwọ́ àti àwọn ojú ẹlẹ́yà ni wọ́n gbẹ́ sí òkúta tó gbé wọn ró. Àwọn àlejò a máa ya fọ́tò wọn ju ohunkóhun lọ. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwọn kọ́ ló mú ìlú bára mu. Oníkálukú lè dárà bó ṣe wù ú, níwọ̀n ìgbà tí ìlà títì ti dúró, tí òkúta gbogbo wọn sì jẹ́ irú kan.

Tí ẹ bá fẹ́ rí i dájú pé òkúta ló ń pàṣẹ, ẹ lọ sí Catania. Ìmìtìtì ilẹ̀ kan náà ló wó o, Camastra kan náà ló darí àtúnkọ́ rẹ̀, wọ́n sì la títì gbọọrọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ Etna, òkè oníná, ni Catania wà. Òkúta dúdú tó ti inú iná yẹn jáde ni wọ́n ní, wọ́n sì fi òkúta ẹfun ṣe etí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìlú dúdú àti funfun ni. Catania àti Noto pẹ̀lú ìlú mẹ́fà mìíràn ni UNESCO jọ kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2002.

Ó wá ku sìmẹ́ńtì. Òkúta ẹfun ni òkúta Noto, ó sì rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, omi ṣì wà nínú rẹ̀, irin ìgbẹ́ á máa wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbẹ́ irun kìnnìún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe ń gbẹ, omi yẹn á gbé ẹfun yíyọ́ bọ̀ sójú òkúta, á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ara òkúta á sì le ju inú rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ó ṣì ń fa omi, ó sì ń tú u jáde.

Sìmẹ́ńtì le ju òkúta yẹn lọ, kì í sì í jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá. Bí òjò bá rọ̀ sí ògiri, omi ò rí àárín òkúta gbà jáde mọ́, inú òkúta gan-an ni yóò gbà. Ó ń gbé iyọ̀ dání, òmíràn láti ilẹ̀, òmíràn láti ara sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á dì lábẹ́ awọ òkúta, á sì tì í jáde. Ẹ fi ìka pa òkúta tó wà létí sìmẹ́ńtì yẹn, ẹ ó rí i tí yóò máa dà bí ìyẹ̀fun, tí sìmẹ́ńtì á sì wà níbẹ̀ gbagidi. *Calce* rọ̀ ju òkúta lọ, omi sì ń rí inú rẹ̀ gbà. Òun ni yóò máa jẹrà dípò òkúta. Bó bá jẹrà tán lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á ha á, wọ́n á fi òmíràn sí i. Irú ọ̀dà tó ń bo ojú ògiri bíi rọ́bà máa ń ṣe ohun tí sìmẹ́ńtì ń ṣe.

Mi ò ní kí ẹ máa rò pé gbogbo ohun tí àwọn àtijọ́ ṣe ló dára o. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1996, òrùlé roboto kàtídírà Noto wó lulẹ̀ pẹ̀lú apá kan ara ṣọ́ọ̀ṣì náà. Alẹ́ ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Òkúta gbígbẹ́ tó dáa ló bo ara àwọn òpó, ṣùgbọ́n òkúta odò àti àpòpọ̀ tí kò lágbára ni wọ́n dà sínú wọn. Ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 1990 ti mì wọ́n, òrùlé kọnkéré tó wúwo tí wọ́n fi rọ́pò onígi sì wà lórí wọn. Òkúta àdúgbò àti *calce* náà ni wọ́n fi tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i padà ní 2007.

Nídìí iṣẹ́ yín, ọwọ́ ni kí ẹ fi ha sìmẹ́ńtì náà. Ẹ̀rọ tó ń yí á gé etí òkúta. Ẹ gbọn eruku kúrò, ẹ wọ́n omi sí ògiri kí ó má baà fa omi inú *calce* mu, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ dípò kí ẹ kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi àpò tútù bò ó kúrò lójú oòrùn. Bí ẹ bá ní láti pààrọ̀ òkúta kan, èyí tuntun á funfun ju àwọn tó yí i ká lọ. Ẹ má fi ohunkóhun pa á láwọ̀, yóò pọ́n fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ọ̀gá yín bóyá *calce idraulica naturale* (irú èyí tí omi ń mú le) ni wọ́n rà, tàbí *grassello* (ẹfun rírẹ tó rọ̀ bí àtè). Ti àkọ́kọ́ máa ń tètè le. *Grassello* máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú àgà kúrò kíákíá.