Ṣé mo ṣì lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀rọ̀ sórí Twitter?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, fóònù kékeré tí kì í lo áàpù ni mo ní. Láyé ìgbà kan mo máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kọ̀rọ̀ sórí Twitter láìra dátà. Mo tún dán an wò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò lọ. Ṣé fóònù mi ló bàjẹ́ ni àbí àkáǹtì mi? Nǹkan kejì, kí ló dé tí àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá mi kan ṣoṣo fi máa ń di méjì mẹ́ta lójú fóònù?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe fóònù yín. Twitter fúnra wọn, tó ti ń jẹ́ X báyìí, ló ti ọ̀nà yẹn pa ní oṣù kẹrin ọdún 2020, orílẹ̀-èdè díẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ó dùn mí o, torí àtẹ̀jíṣẹ́ gan-an ni wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ lé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006. Ṣé ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan lórí Twitter kì í ju 140 lẹ́tà lọ nígbà yẹn? Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ò lè gbà ju 160 lọ, wọ́n wá yọ 20 sọ́tọ̀ fún orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ló bá ku 140, ọdún 2017 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 280.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní páswọ́ọ̀dù. Ní oṣù kẹjọ 2019 àwọn kan gba nọ́ńbà Jack Dorsey mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ló jẹ́ ọ̀gá àgbà Twitter nígbà yẹn o, wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kọ ìkọkúkọ sórí àkáǹtì ẹ̀. Tó bá lè ṣẹlẹ̀ sí i, ta ló kù?

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan, orí ìkànnì wọn tàbí áàpù lẹ máa gbà wọlé. Tó bá jẹ́ fóònù ẹlòmíì lẹ yá, ẹ má jẹ́ kó tọ́jú páswọ́ọ̀dù yín, kẹ́ ẹ sì jáde pátápátá kẹ́ ẹ tó dá a padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ nọ́ńbà míì tẹ́ ẹ ṣì lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí kó lè bọ́ sórí Twitter, tó wá ní kẹ́ ẹ fi páswọ́ọ̀dù tàbí kóòdù ránṣẹ́, olè ni, ẹ má dá a lóhùn rárá. Síìmù tẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá pa á tì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbé nọ́ńbà yẹn fún ẹlòmíì, ẹ tètè lọ yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì kó tó dọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀.

Ti àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá, àwọn lẹ́tà bíi ẹ, ọ, ṣ ò sí nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ṣètò àtẹ̀jíṣẹ́ látilẹ̀, ẹyọ kan péré tẹ́ ẹ bá fi sí i, 160 yẹn á já wálẹ̀ sí 70. Fóònù ò ṣì í kà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa gba owó ẹ̀. Èmi ṣì máa ń fi àmì sí tèmi tọ́rọ̀ bá lè ní ìtumọ̀ méjì, tó bá jẹ́ “mo ti dé” lásán, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ láìlámì.